Ọmọ ọ̀bọ ní igbó etí omi Ìlàjẹ: bí a ṣe ń wò wọ́n láì dà wọ́n láàmú

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi. Ní ìhà Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, lẹ́ẹ̀mejì ni omi òkun ń kún lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà. Láti ìgbà tó bá kún tán títí di ìgbà tó bá fà tán, wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, àkókò náà á sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50: bí omi bá kún ní aago méje àárọ̀ yìí, ó di nǹkan bí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di àrànmọ́jú, omi á ga ju bó ṣe máa ń ga lọ, á sì fà ju bó ṣe máa ń fà lọ. Ẹni tó bá wọ igbó etí omi láì ka èyí sí, orí ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ máa jókòó sí títí omi á fi padà.

Ọ̀bọ náà ní àkókò tirẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́wàá, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn, àwọn ọmọ wọn ń ṣeré. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á wọ ibi tí ewé ti ṣú, wọ́n á sinmi, ohun tí ẹ máa rí kò ní ju ìrù tó rọ̀ sílẹ̀ lọ. Ó di ẹ̀yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún máa rìn. Nítorí náà, ọjọ́ tí omi máa kún láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ẹ ń wá, kí omi tó jin àti ọ̀bọ tó ń rìn lè bọ́ sí àsìkò kan náà. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ni irú rẹ̀ máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣírò omi kí ẹ tó dá ọjọ́ ìrìn. Àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀ kò nílò ìwé fún un, oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ yín léèrè ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Kí ẹ wọ ojú omi tóóró nígbà tó bá ku wákàtí méjì kí omi kún, kí ẹ sì ti jáde kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn, ó sì tó fún ojú àti fún ọrùn. Bí ọkọ̀ bá jókòó sórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣírò yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè gbé àgbàlagbà mì dé itan, ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi sì mú bí abẹ. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ wà títí omi á fi padà wá. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú yín wo ọ̀bọ nígbà tí omi bá fà ni akàn. Ìgbà yẹn ni akàn máa ń jáde sórí ẹrẹ̀, ọ̀bọ tó bá sì fẹ́ wá nǹkan jẹ nísàlẹ̀ á rí àyè sọ̀ kalẹ̀ sórí gbòǹgbò. Ní Senegal, wọ́n ti rí ọ̀bọ aláwọ̀ ewé nínú igbó mángírófù (igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi oníyọ̀) tí wọ́n ń mú akàn jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ wo irú èyí, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú omi ńlá tó jin, kí ẹ fi ọ̀pá dá a dúró, kí ẹ sì máa wo etí bèbè láti ibẹ̀.

Láti Àkúrẹ́, Oǹdó lẹ máa gbà dé Òrè, kí ẹ tó gba Òkìtìpupa lọ sí Igbókòdá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Ẹ sùn sí Igbókòdá. Ẹni tó bá jí kúrò ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, oòrùn ti kan àtàrí kó tó rí ewé mángírófù. Bí ẹ bá dé abúlé tó ni igbó náà, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ kò gbé ìbọn, ẹ kò gbé tàkúté. Ẹni tó bá fi tì yín láti máa tọ́ yín sọ́nà, ẹ má ná owó rẹ̀ bí ẹni ń ná ẹja. Ẹni tó ń tibi ọ̀bọ alààyè rí owó ọmọ rẹ̀ á ṣọ́ ọ̀bọ náà ju ẹni tó ń tibi òkú rẹ̀ rí i lọ. Òun náà ló mọ igi tí wọ́n ń sùn sí.

Nínú ọkọ̀: ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún olúkúlùkù, omi mímu, fìlà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tàbí ẹrẹ̀, báínókúlà 8x42 (awò tó ń sún nǹkan mọ́ ojú lọ́nà mẹ́jọ; èyí tó ń sún un mọ́ ọn lọ́nà mẹ́wàá máa ń gbọ̀n jù nínú ọkọ̀), ìwé kékeré, àti pẹ́ńsùlù méjì. Pẹ́ńsùlù ni mo sọ, torí yíǹkì á ṣàn bí omi bá kán sí i. Kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ kí ẹ tó lọ, torí ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn yẹn láàárín ọ̀bọ àti ènìyàn. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó dúró sílé. Àìsàn wa máa ń ran ọ̀bọ bí tiwọn ṣe ń ràn wá.

Ní Igbókòdá, omi aláìníyọ̀ àti igi ògùrọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ẹ ti ń sún mọ́ òkun ni omi ń di oníyọ̀, tí mángírófù ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ògùrọ̀. Irú méjì ni kí ẹ dá mọ̀. Ọ̀kan dúró létí omi lórí gbòǹgbò tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, gbòǹgbò tirẹ̀ ń yọ orí sókè láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́. Ẹ tọ́ ewé rẹ̀ lá, ẹ máa bá iyọ̀ níbẹ̀. Èso tí ọ̀bọ lè jẹ kò pọ̀ nínú mángírófù, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ojú ààlà ni kí ènìyàn jókòó sí, níbi tí ògùrọ̀ àti mángírófù ti pàdé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ jẹun tí wọ́n sì ń gbà padà lẹ ń wá. Ibi tí igi ti kú lórí ìdúró kò ní fún yín ní nǹkan kan. Irú rẹ̀ wà ní ìhà Awóyè, níbi tí ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ti jẹ́ kí omi oníyọ̀ ya wọ inú igbó omi aláìníyọ̀. Ẹ̀ka kò kan ẹ̀ka níbẹ̀ mọ́.

Orúkọ ọ̀bọ máa ń yí láti ìlú sí ìlú. Èyí tí ẹnì kan ń pè ní àáyá, ẹlòmíì á ní ìjímèrè ni. Nítorí náà, àmì ara ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀. Èyí tó ṣeé ṣe kí ẹ rí jù ni mona: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa tó ṣú díẹ̀, ikùn àti abẹ́ apá rẹ̀ funfun, àyíká ojú rẹ̀ ṣú bí aró, imú àti ẹnu rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Àmì tí kì í tan ni funfun méjì róbótó ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì. Bó bá ń sá lọ, ohun tí ẹ máa rí nìyẹn. Akọ rẹ̀ lè wọn kílò márùn-ún, abo kéré sí i. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun tún wà, tó jẹ́ pé gúúsù Nàìjíríà àti àgbègbè tó sún mọ́ ọn nìkan ni ayé ti ní in. Funfun ọ̀fun rẹ̀ máa ń tàn láàárín ewé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ara rẹ̀ dà bí eérú, tí àtàrí rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ jù. Ó ti ṣọ̀wọ́n gidigidi, bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti aago sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ẹ máa jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má kánjú kà á kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ̀lé ariwo ọ̀bọ káàkiri, wọ́n á máa wakọ̀ lọ síbí, wákọ̀ lọ sọ́hùn-ún, ọ̀bọ á máa sá síwájú wọn. Ẹ wá afárá wọn. Ojú omi tóóró ló pín igbó sí méjì, ọ̀bọ kò sì fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ bó bá ní ọ̀nà òkè. Nítorí náà, wọ́n ní ibi mélòó kan tí orí igi ìhà yìí ti nawọ́ sí orí igi ìhà kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ẹ̀ka ibẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ewé ṣẹ́ sórí omi nísàlẹ̀, ìgbẹ́ wọn wà lára gbòǹgbò. Kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ku bíi 200 mítà, kí ẹ fi àjẹ̀ wa ìyókù. Ẹ dúró sí 30 mítà sí afárá náà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bí omi bá gbà yín láyè, kí ẹ ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ohun tí afárá ń ṣe fún yín ni pé ó ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ewé, ogún ọ̀bọ lè dà bí marùn-ún, márùn-ún sì lè dà bí ogún. Lórí afárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá. Àwọn àgbà á fò láì wo ẹ̀yìn. Abiyamọ tó gbé ọmọ sára á kọ́kọ́ dúró, á fi ọwọ́ kan tẹ ọmọ mọ́ ikùn, á mi ẹ̀ka wò, kó tó fò. Ọmọ tó ti ń dá rìn á dé etí àlàfo, á ké, á padà sẹ́yìn, á tún wá. Ẹ wo ohun tí ìyá ṣe nígbà náà: nígbà míì á padà wá gbé e, nígbà míì á jókòó lódì kejì, á máa wò ó, kò ní padà. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì yìí sọ ọjọ́ orí ọmọ náà fún yín ju bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó lọ. Ìdí nìyí tí gígé igi létí omi fi ń dùn mí. Igi mángírófù ń jó dáadáa, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ẹni tó gé igi kan ṣoṣo tó di afárá mú ti sọ ọ̀nà àwọn ọmọ wọ̀nyí di omi àti ẹrẹ̀, níbi tí ọ̀nì àti ajá ti lè rí wọn mú.

Ní ti ọjọ́ orí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan kì í kúrò ní ikùn ìyá. Ojú rẹ̀ hunjọ, irun rẹ̀ kò tíì jọ ti àgbà, ìrù rẹ̀ sì máa ń wé mọ́ ìrù tàbí ẹ̀gbẹ́ ìyá. Ọwọ́ nìkan lẹ lè rí, tàbí etí kan. Ẹ wo bí ìyá ṣe ń rìn: bó bá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gun igi, tó tẹ̀ sórí àyà, ọmọ wà níbẹ̀ bí ẹ kò tiẹ̀ rí i. Láti oṣù kejì dé ìkẹta, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kúrò lára ìyá, kò ní jìnnà sí i ju gígùn apá kan lọ. Á máa fi ewé sẹ́nu, á tu ú, á máa gbìyànjú láti gun ẹ̀ka tó kéré, á já. Ìyá á di ìrù rẹ̀ mú bí ẹni di okùn ewúrẹ́ mú. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn wúńdíá inú ẹgbẹ́ máa ń wá bẹ ìyá kí ó jẹ́ kí àwọn gbé ọmọ. Ẹ má ka ẹni tó gbé ọmọ sí ìyá rẹ̀ àyàfi tí ọmọ bá mu ọmú rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn nínú ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kẹrin, eré dé. Ọmọ á máa wá ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa fa ara wọn nírù, wọ́n á so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka méjì-méjì, ọ̀kan á já, á tún gòkè. Eré àti ìjà kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ sì lè fi ẹnu mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ eré, ẹnu ṣí ṣùgbọ́n eyín kò hàn tán, ariwo kò sí, ẹni tó wà lókè ní ìṣẹ́jú yìí ló máa wà nísàlẹ̀ bó bá yá. Bó bá jẹ́ ìjà, wọ́n á han, irun á dìde, ẹnì kan á sá, kò ní padà wá. Láti oṣù kẹfà sí ọdún kan, ọmọ ń dá jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá sinmi, á tún fẹ́ mu ọmú. Ìgbà yìí ni gbígba ọmú lẹ́nu ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: igbe gígùn tó ń lọ sókè, tí ń dáwọ́ dúró, tí ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá á fi ẹ̀yìn kọ ọ́, á bo àyà. Ẹ má rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ náà.

Bí ẹ bá rí abiyamọ tí ọmọ méjì wà lára rẹ̀, ẹ má yára kọ "ìbejì". Lóòótọ́, oríkì ìbejì wa pè wọ́n ní ọmọ ẹdun tíí ṣeré lórí igi, ṣùgbọ́n ọmọ kan ni ọ̀bọ sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọmọ méjèèjì wéra. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ dáadáa, ọmọ ìkúnlẹ̀ àná àti ti òní ni wọ́n, àgbà wá sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni.

Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tó dára jù ṣì ni èyí tí Jeanne Altmann, tó ń wo ìnàkí-ajá ní Amboseli, orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, tò sílẹ̀ lọ́dún 1974. Ẹ yan ọmọ kan, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣe àti aago rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yan òmíràn. Ẹ má yan èyí tó ń ṣeré jù. Ìyẹn á jẹ́ kí ìwé yín sọ pé eré nìkan ni ọmọ ọ̀bọ ń ṣe láyé. Ẹ ti pinnu kí ẹ tó gbé báínókúlà: èyí tó bá kọ́kọ́ hàn lápá òsì ni. Ìwé yín lè rí báyìí: "7:10, ọmọ bí oṣù méjì, ó wà lára ìyá. 7:12, ó sọ̀ sórí ẹ̀ka, apá kan sí ìyá. 7:13, ó já, ìyá gbé e. 7:14 sí 7:19, kò hàn." Ọ̀rọ̀ "kò hàn" yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹni tó bá ka ìwé yín á rò pé ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tó ń ba ìwòye jẹ́ ní ilẹ̀ wa ju ohunkóhun lọ ni ìbọn. Ọ̀bọ ibi tí ọdẹ ń wọ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́: bó bá rí ènìyàn, kì í pariwo, á dákẹ́, á lẹ̀ mọ́ igi, á yọ́ lọ. Bí ẹ bá ṣàdédé gbé báínókúlà tàbí kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn sójú, ó jọ ìbọn lójú rẹ̀. Ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹ máa jẹ́ kó simi láyà. Ẹ má nawọ́ sí wọn, ẹ má tẹjú mọ́ wọn, ẹ má fi eyín rẹ́rìn-ín sí wọn. Àmì ìjà ni ìyẹn láàárín wọn. Bí ìyá bá ń mi orí sókè-sísàlẹ̀, tó ń tẹjú mọ́ yín, tí àwọn ọmọ sì ti sá padà sí ikùn, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ fà sẹ́yìn bíi mítà mẹ́wàá, kí ẹ dúró. Kì í ṣe gbogbo igbe ló kàn yín o. Bí gbogbo wọn bá já wálẹ̀ láti orí igi lẹ́ẹ̀kan náà sínú ewé tó ṣú, ẹ wo ojú ọ̀run, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ idì.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo náà ti pọ̀ jù. Àwọn àgbà wa ní fífún ọ̀bọ lómi kò le, gbígba ife lọ́wọ́ rẹ̀ ló le. Ọmọ ọ̀bọ tó bá kọ́ pé ọkọ̀ túmọ̀ sí oúnjẹ, ọkọ̀ ọdẹ náà ló máa sá bá.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ kékeré kì í kúrò lára ìyá. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n ti yìnbọn pa ìyá rẹ̀. Ẹ má rà á, kódà bí àánú bá ṣe yín, torí owó yín ló máa rán ọdẹ padà lọ pa òmíràn. Nàìjíríà ní òfin lórí àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àkúrun láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ẹ fi tó àwọn aṣọ́gbó ìjọba létí ní Àkúrẹ́, tàbí kí ẹ bèèrè ìmọ̀ràn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹranko igbó ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Àjọ CERCOPAN ní Calabar ti ń tọ́jú ọmọ ọ̀bọ aláìníyàá láti 1995. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ náà lé yín lọ́wọ́, tí ẹ sì ń retí àwọn tó máa wá gbé e, ẹ fi í sínú páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, níbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́. Ẹ ká táwẹ̀lì gbígbẹ kan kí ó nípọn bí ara ìyá, kí ọmọ náà rí nǹkan dì mọ́, torí òtútù máa ń tètè mú èyí tí kò ní ikùn tó máa lẹ̀ mọ́. Ẹ má fi agbára da omi tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ bo imú yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé gbé e.